Réluwéè dé Ìjẹ̀bú-Òde

Réluwéè dé Ìjẹ̀bú-Òde lónìí o, réluwéè ìṣeré ni, orí tábìlì ìjẹun wa ló gúnlẹ̀ sí! Èyí tí ìjọba òyìnbó là dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ló gbà kọjá, kò tilẹ̀ yà kí wa.

Àwọn ilé oníke kéékèèké tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí, Plasticville ni orúkọ wọn, Bachmann ti Amẹ́ríkà ló ṣe wọ́n. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Èyí tó funfun ti pọ́n bí eyín ẹni tó fẹ́ràn obì. Kò sí pé à ń wá gọ́ọ̀mù: ẹ ki etí ògiri kan bọ èkejì, kà! ó ti wọlé.

Màmá mi wo ibùdókọ̀ náà títí. "Ibo lo wá fi àwọn tó ń ta gàrí sí?"

Páálí ni mò ń wá báyìí, mo fẹ́ kan ìsọ̀.