Gbogbo kókó ló mú, àfi èyí tí mi ò ta

Tẹ́ ẹ bá pàdé ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi í léèrè ẹja o, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí kò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì fi iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ló ní kí n bá òun lọ sójú òkun lọ dẹ ìwọ̀. Kì í ṣe ẹja epìyà ti inú ọ̀sà o, ẹja ńlá ńlá, àwọn tó ń fò jáde nínú omi lápá East Mole níbẹ̀ yẹn, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní tarpon, ìpẹ́ ẹ̀ lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ní 2003 wọ́n mú ọ̀kan ní Guinea-Bissau, ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa níbí náà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn 130 kilo. Ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì àti ààbọ̀ lọ! Látìgbà tí mo ti gbọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Mo ra ọ̀pá, mo ra ríìlì, ìyẹn irin tí wọ́n ń ká òwú sí nídìí ọ̀pá, mo ra 300 yards òwú braid, èyí tí wọ́n hun bí irun, tí wọ́n ní ó lè gbé 80 pounds kó tó já. Iye tí mo ná, kó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run.

Ẹ̀gbọ́n wá kìlọ̀ fún mi. Ó ní ẹja ńlá kì í sábà já òwú láàárín, ojú ibi téèyàn ti so nǹkan mọ́ nǹkan ló máa ń wá: kókó ìdí ìwọ̀, kókó swivel, irin kékeré tó ń yí kí òwú má bàa lọ́, àti ibi tí braid ti pàdé okùn náílọ́ọ̀nù tó so mọ́ ìwọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ìwàásù lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wo YouTube tí mò ń kọ́ kókó títa. Mò ń ta á nínú dánfó, mò ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ ń gbàdúrà, ojú mi dì, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní téèyàn bá fẹ́ fa kókó náílọ́ọ̀nù le kó kọ́kọ́ fi itọ́ rẹ ẹ́, torí tó bá fà á ní gbígbẹ á gbóná, ibẹ̀ á sì ti rọ kó tó wọ omi rárá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ki okùn bẹnu láràárọ̀ lálaalẹ́ débi pé Tómi ọmọ mi bi mí pé "Dádì, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ ni?"

Ìyàwó mi, télọ̀ ni. Ọjọ́ tí mò ń ká òwú sórí ríìlì ó wà nídìí máṣíìnì ẹ̀, ó kàn ń wò mí. Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá Tómi, ìdí òwú yìí ńkọ́, kí lẹ so ó mọ́?" Mo ní mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Irin yẹn ń dán, òwú yẹn náà ń dán, ṣé kò ní máa yọ̀ lórí ẹ̀ báyìí? Ẹ bá kọ́kọ́ wé nǹkan tó máa di irin mú sí i nísàlẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ bọ́bìnì kọ́ lèyí o, ẹja wo ló fẹ́ fa 300 yards dé ìdí? Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó nílé, ẹ mọ bí "ẹ má bínú, sà" yẹn ṣe ń rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ mo so òwú mọ́ géètì, mo fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn báàgì sáàárín. Wọ́n ní bíréèkì ríìlì, èyí tó ń di òwú mú kó má sáré jáde, ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára òwú lọ, ìyẹn 20 pounds nínú 80, bíi 9 kilo. Mò ń fà, mò ń yí bíréèkì le, ó dé 9, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò lọ sókè mọ́. Mo ní ẹ wò ó, pẹ́rẹ́ báyìí! Mi ò kàn bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ríìlì ló ń yí àbí òwú nìkan ló ń yí lórí ẹ̀.

Sátidé, a dójú omi. Baba Ìlàjẹ kan ló ń wa ọkọ̀. A ò tíì pé wákàtí kan tí ọ̀pá mi fi tẹ̀ kọdọrọ, ariwo ta, ẹja yẹn fò jáde, funfun báláú, ó gùn ju Tómi lọ, mo bú sẹ́kún ayọ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn ń pariwo "Ká a! Ká a!" Mò ń ká a. Mo ká a, ká a, apá ń ro mí, òwú kàn ń lọ ní tiẹ̀. Baba wò mí títí, wọ́n ní, "Brọ́dá, ṣé ẹ̀ ń ká a ni àbí ẹ̀ ń lọ ata?"

Ìgbà yẹn ni mo wolẹ̀. Ríìlì ń yí síwájú, ìdì òwú lódindi ń yí sẹ́yìn, kálukú ń bá tiẹ̀ lọ bíi tọkọtaya tó ń bínú. Mo yí bíréèkì le, ó dà bí ẹni pé mò ń yí bọ́tìnì aṣọ mi. Ká sáré tẹ̀ lé ẹja, ọkọ̀ òkun ńlá kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó fọn fèrè bòòòò, Baba ní àwọn ò níí kú nítorí ẹja. Ẹ̀yìn náà ni mo rí ìdí òwú tó ń gba inú òrùka orí ọ̀pá kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sẹ́lótéèpù ẹ̀ lórí bí àsíá, ó di fíú.

Ẹ̀gbọ́n ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wá gba ríìlì, ó fi ìka nù ún, ó ní ṣé mo mọ̀ pé yards mélòó kan náílọ́ọ̀nù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ so mọ́ ọn, kí wọ́n tó so braid mọ́ ìyẹn, torí náílọ́ọ̀nù máa ń di irin mú. Mo ní ẹnì kan ti sọ fún mi. Ó ní ta ni? Mo yíjú sómi.

Mo délé, ata ti wà lórí iná, ìyàwó mi ti pe àwọn ìyá ilé kejì.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ó lọ."

"Kókó wo ló tú?"

"Kò sí kókó tó tú."

"Òwú wá dà?"

"Ó gbé e lọ."

"Gbogbo ẹ̀? 300 yards?" Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wò ó, ó tún gbé e padà. "Ẹja yẹn á fi rán aṣọ ẹbí nìyẹn."

Pọ̀nmọ́ la fi jẹ ata náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ìwé Tómi ya, mo wá sẹ́lótéèpù títí mi ò rí i, mo bi ìyàwó mi. Ó ní òun ti fi pamọ́, pé kí n rán ìwé náà.