Ẹ má fi ṣóòkì jí alùpùpù tó ti sùn pẹ́

Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í wọ́ alùpùpù àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Epo mọ́tò ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn, ni wọ́n bá rántí máṣíìnì tí wọ́n fi tapólì bò sẹ́yìn ilé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́mù. Ohun tí mo ń bá nínú kàbúrétọ̀ wọn, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ń dùn mí, torí ó ti ba nǹkan jẹ́ níṣojú mi rí. Ẹ ti mọ pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná í tú, ẹ sì mọ ìyàtọ̀ iná tí kò sí àti epo tí kò dé. Mi ò ní padà síbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má ta kíìkì kankan kí ẹ tó wo inú. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, kí ó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ kíìkì náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ríìngì ara písítìnnì tó ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ já a, ó lè kán.

Ìkejì, ẹ ṣí àpótí fíltà, ẹ sì yọjú wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Agbọ́n a máa fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Mo ti yọ ìtẹ́ eku tòun tọmọ nínú Suzuki AX100 kan tí ẹni tó ni ín ti ra kàbúrétọ̀ tuntun sí, tí kò sì yé kú.

Ìkẹta ni epo, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bẹntiróòlù tó bá dúró pẹ́ nínú kàbúrétọ̀, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó kù á dì bí oje igi sínú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn idẹ kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń kọ́kọ́ dí, torí ihò rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà. Òun ló sì ń fún ẹ́ńjìnnì lépo nígbà tí ẹ ò tíì yí ọwọ́ rẹ̀ láti fún un níná. Ìdí nìyẹn tí máṣíìnì bẹ́ẹ̀ fi ń jí tí ẹ bá fa ṣóòkì, tí á sì kú bí ẹ bá ti dá a padà. Afẹ́fẹ́ ni ṣóòkì ń dí lọ́nà, kí ìwọ̀nba epo tó ń kọjá lè tó o. Kò la ihò kankan. Ebi ń pa máṣíìnì náà, ẹ̀yin sì ń fà á lọ sójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn, wọ́n gbé Honda CG125 kan wá bá wa. Ọdún 1976 ni Honda gbé CG jáde, wọ́n dìídì ṣe é fún irú ìlú tiwa, níbi tí èèyàn ti lè pẹ́ kó tó rántí ọ́ìlì. Ọ̀pá ló ń ṣí fáàfù rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí epo ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde, kò ní ṣéènì nínú orí. Kì í tètè kú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni èyí tí mò ń sọ, òun ló gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lábúlé ní gbogbo ìgbà iṣẹ́ rẹ̀, kí orúnkún tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ bàbá náà ló gbé e wá. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ gùn ún wọ àgbàlá kí bàbá gbọ́ ìró rẹ̀.

Èmi ni mo ṣí ìdérí táńkì. Òórùn ọ̀dà ló jáde, kì í ṣe ti epo. Mo ki ìka bọ inú rẹ̀, ìpẹtà bá a jáde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ táńkì yìí kalẹ̀ ká fọ̀ ọ́." Àgbà ọmọ iṣẹ́ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Oníbàárà ń dúró." Ó da epo tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Kàbúrétọ̀ ni wọ́n ní kí n fọ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo fẹ́ jẹ́ẹ̀tì méjèèjì, mo gbé wọn sójú oòrùn, mo rí ìmọ́lẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n táńkì ọjọ́sí náà ló tún wà lórí rẹ̀. Ó jí. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí wọ́n bá ti ti ṣóòkì. Ẹ̀gbọ́n fà á dé ìdajì, ó gbowó, ó ní ara rẹ̀ á yá lójú ọ̀nà.

Kò tíì dé Mọ́níyà tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì. Táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi lórí eré, ọmọkùnrin náà ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó yánnayànna.

Nígbà tí a tú u, ìpẹtà ti tẹ́ sí ìsàlẹ̀ abọ́ kàbúrétọ̀, èérún kan sì há sẹ́nu jẹ́ẹ̀tì ńlá. Epo kò tó, wọ́n sì ń fún un níná, ooru ló kù. Orí písítìnnì ti funfun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ́ mọ́ sílíńdà. Mo fi èékánná wọ́ inú sílíńdà, ó ń há sínú àwọn ìlà tó fá. Àfi kí wọ́n gbé e lọ bọ́ọ̀, kí wọ́n fẹ inú sílíńdà, kí wọ́n wá písítìnnì tó fi 0.50 mìlímítà tóbi jù ti tẹ́lẹ̀. Bàbá kò gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀ ní Iléyá yẹn.

Ọ̀gá bèèrè ẹni tó fọ kàbúrétọ̀. Èmi ni. Ibẹ̀ ni ìwádìí parí sí. Wọ́n ń yọ owó písítìnnì nínú owó oúnjẹ mi títí ó fi pé, ẹ̀gbọ́n tó dá mi lẹ́kun sì ń wò mí, kò lanu. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá báyìí. Mi ò tíì gbọ́ kó mẹ́nu ba ọjọ́ náà.

Ẹ wá rí i, bí mo bá ṣí kàbúrétọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ yín wá, tí mo rí i pé abẹ́rẹ́ irin lẹ fi gún jẹ́ẹ̀tì, ara mi kì í gbà á. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀. Irin á fẹ ihò rẹ̀, kò sì ní ṣeé dí mọ́. Ọwọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá yọ lára ìgbálẹ̀ tó o, tàbí fọ́nrán kan nínú wáyà iná. Láti òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ da epo àtijọ́ nù pátápátá, ẹ yọ tápù, ẹ da nọ́ọ̀tì irin àti omi ọṣẹ sínú táńkì, ẹ mì í títí omi á fi mọ́, kí ẹ sá a kó gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà lẹ tó fọwọ́ kan kàbúrétọ̀. Ẹ wo rọ́bà tó wà láàárín kàbúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti là, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé, ebi náà nìyẹn. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí ẹ da tuntun. Àlàfo orí fáàfù CG, 0.08 mìlímítà ni, kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní òun ò lè dúró de èyí, ẹ jẹ́ kó máa gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Èmi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ebi kò pa mí.

Bó bá ti ń dúró láìsí ṣóòkì, ẹ gùn ún fúnra yín yí àdúgbò ká, kí ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú pẹ̀lú èédú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá ní àwọ̀ igi, ẹ pe oníbàárà. Bó bá funfun, oníbàárà ìbáà jókòó ti yín pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ẹ tún kàbúrétọ̀ náà tú.