Lẹ́yìn Ìpàtẹ Ọjà ní Köln àti Düsseldorf: Ibi Tí Bíà Gidi Wà

Ẹni tí iṣẹ́ bá gbé dé ìpàtẹ ọjà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Jámánì, ẹsẹ̀ á ti máa ro ó gan-an kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn oníṣòwò oúnjẹ ń lọ sí Anuga ní Köln lọ́dún méjì-méjì. Àwọn onítẹ̀wé, irú àwọn tó kún Ṣómólú l'Ékòó, drupa ti Düsseldorf ni tiwọn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2024. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ìṣègùn ń bá ara wọn pàdé ní MEDICA, ní Düsseldorf kan náà, lóṣù Kọkànlá. Bí gbọ̀ngàn bá ti tì, ọ̀pọ̀ wọn á padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jókòó sí káńtà ìsàlẹ̀, wọ́n á mu bíà inú ìgò tí wọ́n lè rà ní pápákọ̀ òfurufú èyíkéyìí.

Owó ṣòfò nìyẹn. Àwọn ìlú méjèèjì yìí wà lára ibi tó rọrùn jù láti rí ọtí tí wọ́n pọn sítòsí, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nǹkan bí kìlómítà 40 ló wà láàárín wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bíà tirẹ̀, kò sì fẹ́ rí ti èkejì sójú: ẹ má béèrè Alt ní Köln, ẹ má béèrè Kölsch ní Düsseldorf, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo tábìlì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ máa wò bí ẹ bá ń yan ilé ọtí: àgbá, àti bó ṣe ń yá tán sí. Ní àwọn ilé ọtí àtijọ́ níbẹ̀, orí káńtà ni wọ́n ń gbé àgbá sí. Wọ́n á kan ẹ̀rọ sí i nísàlẹ̀, wọ́n á dá ihò sí i lókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ọtí á sì máa ṣàn fúnra rẹ̀. Kò sí gáàsì kankan tó ń tì í jáde. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ta ọ̀fun, tí inú kì í sì í wú ẹni tó bá mu ún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ihò òkè bá ti ṣí ni ọtí ti ń pàdánù hóhó inú rẹ̀, tí ooru sì ń wọ̀ ọ́. Àgbá kékeré Köln tí wọ́n ń pè ní Pittermännchen gba lítà 10, ìyẹn ife 50. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi máa tán. Níbi tí èèyàn mẹ́rin péré jókòó sí, ife ogójì rẹ̀ á ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ilé ọtí tó ń pariwo, tí wọ́n ń yí àgbá tuntun wọlé nígbà gbogbo, ibẹ̀ ni kí ẹ yà sí. Ìràwọ̀ orí Google kò lè sọ ìyẹn fún yín; bí ẹ bá fẹ́ lò ó ṣá, ẹ fi àlàyé sílẹ̀, kí ẹ wo àwòrán tí àwọn èèyàn yà lóṣù yìí, kí ẹ sì wò bóyá àgbá wà lórí káńtà.

Kölsch mọ́ gaara, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọtí líle inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru díẹ̀, láàárín ìwọ̀n 15 sí 20 lórí Celsius, ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e síbi tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè rọ̀ lẹ́nu. Ní 1986 ni àwọn apọntí ìlú náà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ohun tó lè jẹ́ Kölsch àti ẹni tó lè pọn ọ́n, ní 1997 sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ náà. Nítorí náà, pátákó tí wọ́n kọ Kölsch sí kò tíì sọ nǹkan kan fún yín, gbogbo wọn ló ní in. Bó ṣe dé inú ife ni ìyàtọ̀ wà. Ife náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, lítà 0.2 ló gbà, wọ́n ń pè é ní Stange. Ó kéré nítorí pé Kölsch kì í pẹ́ kú nínú ife ńlá. Bí wọ́n bá gbé e wá fún yín nínú ife lítà 0.4, àwọn àlejò tí kò mọ̀ ni ilé ọtí yẹn ń wá kiri. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ má retí pé kó tutù nini bíi ti inú fìríìjì ilé wa. Ó máa ń tutù níwọ̀nba, kí adùn ọkà tó wà nínú rẹ̀ lè jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí ife kékeré tàn yín jẹ: Stange mẹ́ta ni ìgò ńlá kan ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mu mẹ́wàá, tó rò pé òun kàn ń tọ́ ọ wò ni, ti mu lítà méjì, ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sì ń dúró dè é.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bu ọtí ní Köln máa ń ya àlejò lẹ́nu. Köbes ni wọ́n ń pe agbọ́tí ibẹ̀. Ẹ má kígbe pè é, ẹ má juwọ́ sí i. Bí ẹ bá ti jókòó, ó máa gbé ife kan kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ béèrè, láti inú abọ́ rìbìtì tó ní ihò tí ife ń wọ̀ sí. Á fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sára páálí tó wà lábẹ́ ife. Bí ife bá ti fẹ́ gbẹ, á mú un, á gbé òmíràn sí i, á sì tún fa ìlà. Báyìí ló máa ń ṣe títí ẹ ó fi gbé páálí náà lé ife lórí. Ife òfìfo tí ẹ kò bò, ẹ ti béèrè òmíràn nìyẹn. Páálí yẹn ni àkọsílẹ̀ gbèsè yín: ẹ má ya á, ẹ má kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sí i, ẹ má fi nu tábìlì. Bí ẹ bá pọ̀, tí iléeṣẹ́ tó máa san owó yín padà kò sì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ tètè sọ fún Köbes kó fún oníkálukú ní páálí tirẹ̀. Bí ìlà ogún bá ti wà lórí páálí kan, ìjà ni kíka á máa ń dá sílẹ̀.

Köbes kì í rẹ̀rín-ín sí èèyàn bí agbọ́tí hòtẹ́ẹ̀lì. Ó lè bú yín bí ẹ bá ní omi lẹ fẹ́ mu. Àwa tí a gbọ́n nínú "ẹ káàbọ̀ sà" lè kà á sí àfojúdi, ṣùgbọ́n àwàdà iṣẹ́ wọn ni. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó tán.

Ní ti ibi tí ẹ lè lọ: gbọ̀ngàn ìpàtẹ wà ní Deutz, ní òdìkejì odò Rhine. Nítòsí ibẹ̀, ní Siegesstraße, ni Lommerzheim wà. Ilé náà rí bí ilé àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì, ṣùgbọ́n Kölsch ti ilé Päffgen ni wọ́n ń bù níbẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín wọn sì nípọn débi pé èèyàn méjì lè pín in jẹ. Ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń tì í wò kí ẹ tó lọ, ẹ sì tètè dé kó tó kún. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ gba orí afárá Hohenzollern kọjá, ẹ ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Dom. Früh wà níbẹ̀ láti 1904. Wọn kì í pọn ọtí níbẹ̀ mọ́, àwọn àlejò ìlú sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí èrò yẹn gan-an ni àgbá wọn kì í fi í pẹ́. Malzmühle ní Heumarkt ti wà láti 1858. Adùn ọkà pọ̀ nínú tiwọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè jáde, Päffgen ní Friesenstraße ni kí ẹ lọ, níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí láti 1883, tí wọ́n sì ń pọn ọ́n níbẹ̀ títí di òní. Tiwọn ló korò jù nínú àwọn tí a dárúkọ yìí, ó sì tún fúyẹ́ lẹ́nu. Láti Dom, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Oúnjẹ ń fẹ́ àkíyèsí. Halve Hahn tó wà nínú ìwé oúnjẹ kì í ṣe adìyẹ rárá, búrẹ́dì dúdú àti wàràkàṣì ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní Mett, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù ni, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tẹ́ sórí búrẹ́dì pẹ̀lú àlùbọ́sà, tí iná kò kàn rí. Wọ́n ń tà á nínú ìlú méjèèjì. Himmel un Ääd ní sọ́séèjì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè jẹ Halve Hahn, tàbí kó jẹun kó tó wá. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ebi wọ̀ nìyí.

Láti Köln dé Düsseldorf, ọkọ̀ ojú irin RE1 ń lo nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó sì ń dúró ní ibùdó Köln Messe/Deutz. S6 náà ń lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ibùdó kéékèèké ló ń dúró sí. Bí gbọ̀ngàn Düsseldorf lẹ bá ti ń bọ̀, ẹ wọ U78, kí ẹ sọ̀ ní Heinrich-Heine-Allee. Altstadt, ìlú àtijọ́, ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ká sọ òtítọ́, Düsseldorf ló ṣe é lọ jù fún ẹni tó fẹ́ mu ọtí níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n gan-an. Ilé márùn-ún ló wà tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, tí oníkálukú ń pọn tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Altbier, ìyẹn Alt, ni gbogbo wọn ń pọn: ọtí pupa tó ń fẹ́ ṣú, tó rí bẹ́ẹ̀ nítorí ọkà báálì tí wọ́n mú hù, tí wọ́n wá yan dáadáa. Ìwúkàrà inú ooru kan náà ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń fi í pamọ́ síbi tútù bíi ti Kölsch. Ife wọn fẹ̀ díẹ̀ ju Stange lọ, ó sì kúrú díẹ̀, ó gba lítà 0.25.

Uerige, ní Berger Straße, láti 1862, ló korò jù. Ife àkọ́kọ́ lè fẹ́ẹ̀ dà bí agbo lẹ́nu ẹni tó mọ bíà dídùn nìkan. Ẹ mu ún dé ìkejì kí ẹ tó dájọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta nínú oṣù Kìn-ín-ní àti oṣù Kẹwàá, wọ́n ń bu Sticke, èyí tó le ju ti ojoojúmọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń tò síta láti ọ̀sán. Schumacher, láti 1838, wà ní Oststraße, láàárín ibùdó ńlá Hauptbahnhof àti Altstadt. Tiwọn rọ̀ jù, òun sì ni a lè gba ẹni tí kò mu Alt rí níyànjú láti kọ́kọ́ mu. Ó dára fún ẹni tó ní wákàtí kan péré kí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ tó gbéra. Füchschen (1848) wà ní Ratinger Straße, Schlüssel (1850) wà ní Bolkerstraße, níbi tí ariwo àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣe fàájì ti ń pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Kürzer, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ni àbíkẹ́yìn wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Killepitsch lọ̀ yín, ọtí egbòogi pupa inú ife kékeré, ẹ mọ̀ pé ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kì í ṣe bíà.

Ní ìlú mìíràn tí ẹ kò mọ̀, tí kò sí àgbá lórí káńtà, ife ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí hóhó kéékèèké bá lẹ̀ mọ́ ara ife nínú, wọn kò fọ ife náà dáadáa. Bí èhó orí ọtí bá kú láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá wà nínú ife, tàbí kí ọtí ti pẹ́ lórí káńtà. Òórùn bọ́tà tàbí ti ọtí kíkan sábà máa ń wá láti inú páìpù tí wọn kò fọ̀. Ẹ má pààrọ̀ irú bíà, ilé ọtí ni kí ẹ pààrọ̀. Bí ilé kan bá ní ẹ̀rọ ogójì tí èrò kò sì tó mẹ́wàá, ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n tà jù lónìí, kí ẹ mu ìyẹn. Ìkòkò bàbà dídán tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀: tí ó bá tutù, tí rọ́bà omi wà níbẹ̀, tí òórùn ọkà gbígbóná ń jáde, wọ́n ń pọn ọtí níbẹ̀ lóòótọ́.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni àyè máa ń ṣòro jù. Ẹ lọ ní márùn-ún, tàbí lẹ́yìn mẹ́sàn-án, tàbí kí ẹ dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń mu lóòró. Ibẹ̀ gan-an ni ọtí ti ń tètè dé ọwọ́. Bí àga kan bá ṣófo níbi tábìlì àwọn ẹlòmíràn, ẹ bi wọ́n pé "Ist hier frei?", kí ẹ jókòó. Láti 2013 ni òfin ìpínlẹ̀ náà kò ti gbà kí wọ́n mu sìgá nínú ilé ọtí. Ẹlẹgbẹ́ yín tí kì í mu ọtí lè béèrè Malzbier, tó sún mọ́ màlítà tí a mọ̀ nílé, tàbí Apfelschorle, omi èso ápù tí wọ́n fi omi oní-gáàsì là.

Láàárín yúrò 2 sí 3 ni ife kan. Ẹ mú owó bébà dání, torí pé káàdì kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibi. Bí owó bá jẹ́ 18.40, ẹ sọ pé "20" nígbà tí ẹ bá ń na owó náà, yóò mọ̀ pé èyí tó kù jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí iléeṣẹ́ máa dá owó rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ béèrè Bewirtungsbeleg kó tó sanwó, ìyẹn rìsíìtì tó ní àyè fún orúkọ àwọn tí ẹ jọ jẹun àti ohun tí ẹ jọ sọ. Bí Köbes bá ti ka ìlà orí páálí tán, tó sì ti ti owó bọ àpò, ó máa ń ṣòro láti rí i gbà, akápò yín nílé kò sì ní gba páálí.