Ìlà Westminster
Mi ò lè gbàgbé oṣù Kẹsàn-án 2022 yẹn. Ọbabìnrin Elizabeth wàjà lọ́jọ́ 8, wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ 19, gbogbo àárín ìgbà yẹn, àfi bíi pé nǹkan míì ò ṣẹlẹ̀ láyé mọ́ lórí tẹlifíṣàn London níbí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀ o, ọdún 70 lórí oyè kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n màmá mi wà lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ 19 yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n rí dókítà ojú, Fúráìdè ni ọsibítù fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé àwọn ti sún un síwájú torí ìsìnkú. A jókòó, à ń wo èrò tó tò sórí ìlà ní Westminster láti lọ wo pósí Ọbabìnrin, màmá sún mọ́ tẹlifíṣàn débi pé imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣebí ohun tá a wò lánàá náà nìyí?" Mo yí ṣánẹ́ẹ̀lì, ìlà yẹn náà ni. Bẹ́ẹ̀ omíyalé ti pa èèyàn tó lé ní 1,000 ní Pakísítánì, èmi ò rí i kí wọ́n dárúkọ wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dùn mí wọra. Mo pa tẹlifíṣàn, mo lọ mú oògùn ojú màmá wá.