Ègé aṣọ ò gbọdọ̀ ṣòfò

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù màámi télọ̀ ní Mọ́kọ́lá lánàá. Ọmọṣẹ́ wọn ti mú sísọ́ọ̀sì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ańkárá mi lọ, ni wọ́n bá ní "Má tíì gé e o, tò ó ná!" Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà á, wọ́n kọjú apá kan sókè, wọ́n kọjú ìkejì sísàlẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ara wọn, àyè tó kù láàárín ni wọ́n ti yọ ọrùn àti àpò, mo kàn ń wò ni. Ègé tó ṣẹ́ kù ò kún ọwọ́, wọ́n tún fi bo bọ́tìnnì!

Orí tábìlì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, tí wọ́n bá ti gé e tán ó ti bọ́. Ẹ wo agbádá àwọn baba wa, igun mẹ́rin mẹ́rin ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìró ò tiẹ̀ nílò gígé, ẹni tó bá fọwọ́ hun aṣọ òkè ò lè fi ṣòfò láéláé.

Ańkárá tó jẹ́ kọ́tìnnù ṣì máa jẹrà, àmọ́ léèsì tó jẹ́ polyester ò ní jẹrà bọ̀rọ̀, gọ́tà ló ń gbà lọ, á sì dí i, àwa ará Ìbàdàn tá a mọ ohun tí omíyalé odò Ògùnpa fojú wa rí lọ́dún 1980 ò yẹ ká máa da nǹkan sí gọ́tà.

Ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ ẹ bá ń tò ó báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ àdúgbò yín, mo ní léèsì nílẹ̀.