Ojú Ìwé Méjì Tó Kù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ẹ̀dà tuntun ìwé àtìgbàdégbà wa lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ohun tí mo sì ti ń ṣe láti àárọ̀ ni pé mo ń ka iye ojú ìwé. 62 ni ó jẹ́. Ìwé tí a ń ṣẹ́po ní àárín, tí a sì fi wáyà kàn pọ̀ ní ìdí ìṣẹ́po náà, kò lè ní ojú ìwé 62, nítorí pé bébà kan tí a bá ṣẹ́ sí méjì ti di ojú ìwé mẹ́rin. Ó di dandan kí a dín in kù sí 60, kí òǹkọ̀wé kan sì pàdánù àyè rẹ̀, tàbí kí a sọ ọ́ di 64, kí a wá ohun tí yóò wà ní ojú ìwé méjì tó lé.

Kí a tó dé ibí yìí, oṣù mẹ́ta ni a fi ka àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àwa mẹ́rin ni a ń kà wọ́n, a sì máa ń yọ orúkọ kúrò lára iṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wa, nítorí pé ojú tí a fi ń ka iṣẹ́ ẹni tí a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń ka ti àjèjì. Mo ti kíyè sí i pé iṣẹ́ tí gbogbo wa gbà pé kò burú kì í sábà jẹ́ èyí tí òǹkàwé yóò rántí. Èyí tí ẹnì kan fẹ́ràn gidigidi, tí ẹlòmíràn kò sì fẹ́ rí sójú, ni mo máa ń padà lọ kà. Lẹ́tà àwọn tí a kò gba iṣẹ́ wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀, ìyókù yóò di iṣẹ́ ọ̀la.

Nínú àtúnṣe, a kì í yí ohunkóhun padà láìgba àṣẹ òǹkọ̀wé, ìbáà ṣe àmì ìdánudúró kan ṣoṣo. Ewì ló le jù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ojú ìwé bọ́ sí àárín ẹsẹ ewì kan, ó sì dà bí ẹni pé akéwì náà ló dá ẹsẹ náà sí méjì. Ó kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́ sí mi, lẹ́tà náà sì dùn mí ju èébú lọ. Láti ìgbà náà, bí ewì bá ti kọjá ojú ìwé kan, mo máa ń fi ẹ̀dà àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, n óò sì bi í níbi tí ó fẹ́ kí n dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ ewì ló sì tán ìṣòro ojú ìwé 62 náà. Mo tẹ́ gbogbo ojú ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, nítorí pé ìtàn gígùn méjì kò gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ewì ẹlẹ́rìn-ín kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé ìtàn òkú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ewì olójú ìwé méjì kan bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé 27, èyí tí í ṣe ti ọwọ́ ọ̀tún, tó fi jẹ́ pé òǹkàwé ní láti ṣí ìwé kí ó tó rí ìdajì kejì. Mo fi ojú ìwé kan kún iwájú rẹ̀, ó sì bọ́ sí 28, ní ọwọ́ òsì, tí ìdajì méjèèjì kọjú sí ara wọn. Ṣùgbọ́n ewì olójú ìwé méjì kejì, tó ti wà dáadáa ní 44, sún sí 45. Mo tún fi ọ̀kan kún iwájú òun náà.

64 ni ó jẹ́ báyìí. Mo fi ojú ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi kún un sílẹ̀ lófìfo. Ayàwòrán wa ló ni èkejì.