Omi inú garawa ló jẹ́ kí ìbàdí mi máa ṣáájú ọwọ́

Tó bá ti di Mọ́ńdè, n kì í lè na apá ọ̀tún gbé ìdì àdìrẹ sórí pẹpẹ ní ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọmọ tó ń bá mi tajà ló máa ń bá mi gbé e. Oṣù mẹ́ta ni mo fi rò pé bí baseball, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ṣe rí nìyẹn, pé tí èjìká bá ti mọ́ ọn lára, ìrora á lọ. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ mi ni ò dáa.

Softball, eré tó jọ ọ́, ni mo gbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Abẹ́ ni wọ́n ti máa ń ju bọ́ọ̀lù yẹn síni. Ti baseball, òkè èjìká ni wọ́n ti ń jù ú, orí òkìtì tó ga ní ínṣì 10 sì ni ẹni tó ń jù ú máa ń dúró sí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló ń gbá a ní gbogbo Sátidé lórí pápá kan ní Ọbáńtokò, ni mo bá dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo san ₦15,000 lóṣù fún kóòṣì kan kó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi igi gbá a dáadáa.

Gbólóhùn méjì péré ni kóòṣì yẹn ní. Ìkíní: “Gbé igi wálẹ̀, bí ẹni ń la igi ìdáná!” Ìkejì: “Tẹ kòkòrò pa!” Ìtumọ̀ èyí ni pé kí n máa fi iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ ilẹ̀ bí ẹni tẹ kòkòrò mọ́lẹ̀. Mo tẹ kòkòrò títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi lu. Bọ́ọ̀lù ń yí nílẹ̀ tuuru lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ pápá, èjìká mi sì ń dùn mí. Tí mo bá béèrè ìdí rẹ̀ tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, á ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn.

Mo wá gbé fóònù mi ti àpò píọ́wọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo ká ara mi sínú fídíò. Lóru ọjọ́ yẹn, mo wá fídíò àwọn tó ń gbá a ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n mú kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi wé tèmi, mò ń dá a dúró, mò ń sún un. Dátà tí mo jó lóru yẹn ò kéré, àmọ́ ojú mi là. Nígbà tí gìgísẹ̀ iwájú wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ìbàdí ti ń yí, àyà ò tíì yí. Tèmi, ọwọ́ ti sáré kọjá, ìbàdí ṣì dúró bí òpó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kò sì tẹ kòkòrò kankan. Nígbà tí igi bá kan bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ wọn, ẹsẹ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Ìbàdí ló ń fà á. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ti ìbàdí.

Ọ̀rọ̀ líla igi ìdáná náà ò dúró. Láti ẹsẹ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dé ibi tí à ń gbá a, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 ni. Èyí tó bá ń sáré ní máìlì 90 ní wákàtí kan, kò ní lò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé. A ò ní ẹni tó ń jù ú tó bẹ́ẹ̀ ní Ọbáńtokò, àmọ́ bí tiwa náà ṣe ń bọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Tí igi náà bá tún ń sọ̀ kalẹ̀ ṣòòrò, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè pàdé. Tí igi bá gòkè díẹ̀ lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀, wọ́n á jọ wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ́ díẹ̀. Bí mo tètè yá tàbí mo pẹ́, mo ṣì lè bá a. Ted Williams, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní Amẹ́ríkà, tí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ .406 ní 1941, ìyẹn ni pé ó gbá a yege ju ìgbà 40 lọ nínú 100, ohun tó fi kọ́ àwọn èèyàn nìyẹn: kí igi gòkè díẹ̀, kí ìbàdí ṣáájú ọwọ́.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ́n lórí yàtọ̀ sí kí ara mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ìbàdí mi pé kó ṣáájú, kò gbọ́.

Oníbàárà mi kan ló júwe bàbá rẹ̀ fún mi ní Ìjẹjà, tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì. Mo lọ bá wọn lọ́sàn-án Sunday kan. Wọn ò béèrè owó. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ibo ló ń dùn ọ́?” Wọ́n ní kí n gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, wọ́n jókòó, wọn ò sọ nǹkan kan títí mo fi gbá a tán. Wọ́n wá ní, “Aláàdìrẹ, lọ pọn omi wá.”

Mo pọn omi kún ìdajì garawa. Wọ́n ní kí n dúró bí mo ṣe ń dúró gbá bọ́ọ̀lù, kí n da omi náà débi ìdí máńgòrò tó wà lápá òsì mi. Mo fi apá jù ú. Gbogbo rẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀. “Apá rẹ ò lágbára tó garawa,” ni wọ́n wí. “Gbé ẹsẹ̀ iwájú lọ, jẹ́ kí garawa kù sẹ́yìn.” Mo tún pọn òmíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ mi balẹ̀, ìbàdí mi yí, garawa ṣì wúwo lẹ́yìn mi, ẹ̀gbẹ́ ikùn mi sì le gan-an, bí ìgbà tí èmi àti ẹnì kejì bá ń fún aṣọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ látinú aró, tí ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ti yí, tí tèmi ò tíì yí. Ìgbà yẹn ni apá tó tẹ̀ lé e. Omi gba ara máńgòrò pàá.

“Ẹ ṣé, sà,” ni mo wí.

“Má tíì dúpẹ́. Gbé igi. Garawa nìyẹn náà.”

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá mi tún ṣe lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè bóyá bí mo ṣe di igi mú náà dáa, wọ́n ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Pé Hank Aaron, ará Amẹ́ríkà tó gbá home run 755 (bọ́ọ̀lù tó sábà máa ń jáde kúrò ní pápá), nígbà èwe rẹ̀, ọwọ́ òsì ló ń gbé sókè ọwọ́ ọ̀tún, òdìkejì ohun tó yẹ, wọ́n sì tún un ṣe nígbà tí àkókò tó. Púlọ́ńbà kan ní Panṣẹ́kẹ́ bá mi ri páìpù mọ́ inú ike ọ̀dà pẹ̀lú kọnkéré, orí rẹ̀ ni mò ń gbé bọ́ọ̀lù lé. Àdìrẹ tí aró rẹ̀ bàjẹ́ ni mo ta sí ẹ̀yìn ilé láti gba bọ́ọ̀lù dúró. Ọgọ́ta lálaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ìsọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ẹni tó máa kọ́ yín tàbí ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ariwo ẹnu. Ẹ wò ó bóyá ó kọ́kọ́ wò yín kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè ìdí. Kódà àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù, òmíràn á sọ pé ìsàlẹ̀ lòun ń fi igi sí, fídíò rẹ̀ á sì fi hàn pé òkè ló ń lọ. Ẹ gba ohun tí ara wọn ń ṣe gbọ́ ju ohun tí wọ́n ní àwọn ń ṣe lọ.

Mo ti ń gbé ìdì àdìrẹ fúnra mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè báyìí. Bọ́ọ̀lù tó bá gba ọ̀nà jíjìn sí mi ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Mo máa ń sáré pàdé rẹ̀ níwájú. Bàbá ní kí n sún páìpù sẹ́yìn díẹ̀, kí n sì gbé e jìnnà sí ara, kí n dúró de bọ́ọ̀lù kó wọlé. Ohun tí mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.